Bí A Ṣe Ń Fi Purotéènì Mú Ohun Tí Ó Di Eyín Mú Hù Padà: Ìtọ́sọ́nà fún Aláìsàn àti Ẹbí Rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ọ̀pọ̀ àwọn tí eyín wọn ń mì nílùú Ìbàdàn ni wọ́n ti gbà kí wọ́n tó kúrò nílé pé yíyọ ni dókítà máa yọ ọ́. Òótọ́ ni pé àwọn eyín kan ti kọjá àtúnṣe nígbà tí a bá fi máa rí wọn. Àwọn mìíràn sì wà tí eegun àti iṣan tí ó di wọ́n mú ṣì lè hù padà dé ìwọ̀n kan, bí a bá fi purotéènì tí ó yẹ sí ojú ibi tí ó yẹ. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí dókítà ti dárúkọ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún, àti fún ẹni tí ó fẹ́ béèrè nípa rẹ̀, kí ó lè mọ ohun tí yóò ṣe ṣáájú iṣẹ́ abẹ, lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an, àti fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú bí ẹ ti ń kà á: purotéènì kì í kọ́ eegun fúnra rẹ̀. Ńṣe ni ó ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì ara yín síṣẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò sì ní jẹ́ ìpè níbi tí ó dọ̀tí, níbi tí kò sí ohun tí yóò gbà wọ́n dúró, tàbí níbi tí a kò jẹ́ kí ó sinmi.

Ohun tí ó bàjẹ́, àti ìdí tí kì í fi í padà fúnra rẹ̀

Eyín kì í fara kan eegun párì ní tààrà. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà láàárín gbòǹgbò eyín àti eegun, àyè tí wọ́n sì wà kò fẹ̀ ju nǹkan bí 0.2 mìlímítà lọ. Orí kan àwọn iṣan yìí rì sínú eegun, orí kejì sì rì sínú ìpele líle kan tí ó bo gbòǹgbò, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sìmẹ́ǹtọ́ọ̀mù. Erìgì, ìyẹn ẹran tí ó yí ọrùn eyín ká, ni ó sé ẹnu ọ̀nà náà kí kòkòrò má baà wọlé. Nígbà tí a bá ń sọ pé a fẹ́ mú ohun tí ó di eyín mú hù padà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni a ń sọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ hù ní ètò tí a fi dá wọn: eegun nìkan kò tó, nítorí eegun tí kò ní iṣan tí ó so ó mọ́ gbòǹgbò kò di eyín mú bí ti àtètèkọ́ṣe.

Ìdọ̀tí rírọ̀ tí ó ń lẹ̀ mọ́ eyín lójoojúmọ́ kún fún kòkòrò àìlèfojúrí. Bí a kò bá gbọ̀n ọ́n kúrò, àwọn èròjà inú itọ́ yóò mú un le bí òkúta, kòkòrò tuntun yóò sì gba orí rẹ̀ wọ abẹ́ erìgì. Ọ̀kan tí àwọn onímọ̀ mọ̀ bí ẹni mowó nínú wọn ni Porphyromonas gingivalis. Ara yóò gbógun tì wọ́n, àfojúsùn ogun náà sì ni láti lé wọn jáde, ṣùgbọ́n bí ó bá ti pẹ́ láìdáwọ́ dúró, ogun yìí gan-an ni ó máa ń jẹ eegun jù. Àìsàn náà kì í sábà dunni, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń pẹ́ kí ó tó fura. Bí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ eyín, bí ẹnu bá ń rùn láìka bí ẹ ti ń fọ̀ ọ́ tó, bí erìgì bá ń fà sẹ́yìn tí eyín wá dà bí ẹni pé ó ń gùn sí i, bí eyín iwájú bá ń yà síra, tàbí bí ọyún bá ń yọ nígbà tí ẹ fi ìka tẹ erìgì, ẹ má dúró de ìrora.

Nígbà tí dókítà bá ti fọ ìdọ̀tí náà kúrò, erìgì yóò jinná, ẹ̀jẹ̀ yóò sì dáwọ́ dúró, síbẹ̀ eegun tí ó ti lọ kì í sábà padà. Ní 1976, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Melcher ṣàlàyé ìdí rẹ̀: irú sẹ́ẹ̀lì tí ó bá kọ́kọ́ dé ojú gbòǹgbò ni yóò pinnu irú ohun tí yóò wà níbẹ̀. Awọ ojú erìgì ni ó ń yára dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Kí sẹ́ẹ̀lì inú iṣan àti ti inú eegun tó gbéra, awọ náà ti sọ̀kalẹ̀ bo gbòǹgbò mọ́lẹ̀, bí koríko ti ń kún ilẹ̀ tí ẹni tí ó ni ín kò tètè kọ́lé sí. Ní 1982, Nyman, Lindhe, Karring àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ní Sweden fi hàn lára eyín ènìyàn pé bí a bá fi ìbòrí tẹ́ẹ́rẹ́ kan dá awọ náà dúró, sìmẹ́ǹtọ́ọ̀mù tuntun àti iṣan tuntun lè hù. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ara ní agbára yìí, pé ó kàn nílò àyè àti ìpè ni. Purotéènì ni ìpè náà.

Àwọn purotéènì tí ẹ lè gbọ́ orúkọ wọn

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni Emdogain. Nígbà tí eyín ọmọdé bá ń yọ gbòǹgbò nínú eegun, àwọn purotéènì kan irú èyí tí ó ń kọ́ ojú funfun eyín máa ń fara hàn lójú gbòǹgbò náà kí sìmẹ́ǹtọ́ọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Lars Hammarström àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ronú pé bí a bá fi irú purotéènì kan náà sí ojú gbòǹgbò àgbàlagbà tí àìsàn ti jẹ, ara lè tún ìtàn náà ṣe. Wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 1997, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà sì ti fọwọ́ sí Emdogain ṣáájú ìgbà náà, ní 1996. Amelogenin ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó máa ń wà nínú síríǹjì kékeré gẹ́gẹ́ bí ohun yíyọ̀ tí ó nípọn. Bí ó bá ti kan ara, yóò dì mọ́ ojú gbòǹgbò, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ tí yóò máa pe àwọn sẹ́ẹ̀lì wá.

Ohun kan wà nípa Emdogain tí ó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu dókítà kí aláìsàn tó fọwọ́ sí ìwé: inú eyín ẹlẹ́dẹ̀ tí kò tíì yọ ni a ti ń rí purotéènì náà. Ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí bí Ìbàdàn kọ́ ni a ti lè fi irú ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ tàbí kí a sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Bí Alhája kan bá jókòó sórí àga, tí ó sì béèrè pé, “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n fi ṣe é?” èsì tí ó yẹ ni, “Màmá, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Ẹ lè lọ bá àáfà yín sọ ọ́ kí a tó dá ọjọ́, kò sí ìkánjú níbẹ̀, àwọn ọ̀nà mìíràn sì wà.” Ẹ̀tọ́ yín ni láti gbọ́ ọ kedere, ẹ̀tọ́ yín sì ni láti kọ̀ ọ́.

Àwọn ọ̀nà mìíràn náà wà lóòótọ́. PDGF jẹ́ purotéènì tí ara máa ń lò láti wo ọgbẹ́ sàn, tí a wá mú ìwúkàrà ṣe irú rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí. Òun ni ó wà nínú GEM 21S, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2005, a sì máa ń pò ó pọ̀ mọ́ èròjà kálísíọ́mù tí ó rí hóró hóró kí ihò tí àìsàn jẹ sínú eegun lè kún. Orílẹ̀-èdè Japan fọwọ́ sí FGF-2, purotéènì mìíràn tí ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà, ní 2016, lábẹ́ orúkọ Regroth, fún àìsàn yìí kan náà. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó ní àìsàn jẹjẹrẹ, tàbí tí a ń fura sí i pé ó ní in, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí purotéènì tí ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà kò dára fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ tún lè gbọ́ nípa purotéènì kan tí ń jẹ́ BMP-2. Ó ń mú eegun hù gidigidi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fọwọ́ sí i fún ní ẹnu ni mímú eegun nípọn níbi tí eyín ti kúrò tàbí níbi tí a fẹ́ fi eyín irin gúnlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò eyín tí ó ṣì wà lẹ́nu, ó lè mú kí eegun lẹ̀ mọ́ eyín láìsí iṣan láàárín, kí gbòǹgbò sì máa jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lò ó fún eyín tí ń mì, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀nà tí mo rò pé ó yẹ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀ ni PRF, èyí tí Joseph Choukroun ní ilẹ̀ Faransé gbé kalẹ̀ ní 2001. Ara ẹ̀jẹ̀ yín ni a ti ń mú un. A ó fa ẹ̀jẹ̀ láti apá yín sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kò fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí, a ó sì kì í bọ inú ẹ̀rọ tí ń yí i bírí lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ náà ti ń dì bí a ti ń rìn lọ sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá, ohun mẹ́ta ni ẹ ó rí nínú ìgò: omi pípọ́n díẹ̀ lókè, ẹ̀jẹ̀ pupa nísàlẹ̀, àti ohun rírọ̀ tí ó dì ní àárín. Èyí tí ó wà láàárín yìí ni purotéènì tí a ń pè ní fáíbírìn, tí ó gbá àwọn èròjà ìdàgbàsókè bí PDGF mọ́ra, tí yóò sì máa tú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó fi irin ìdìmú kékeré gbé e jáde, a ó gé ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó so mọ́ ìdí rẹ̀ kúrò, a ó sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kí a tó fi dí ihò eegun. Kò nílò kí ọkọ̀ òfurufú gbé nǹkan wá, kò sì nílò fíríìjì, èyí tí ó ṣe pàtàkì níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró sójú kan. GEM 21S, fún àpẹẹrẹ, gbọ́dọ̀ wà ní òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí fíríìjì bá sì ti kú fún wákàtí púpọ̀, kò yẹ kí a fi sí ẹnu ènìyàn mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyàtọ̀ kan tí ó wà láàárín wọn láìfi bọpobọyọ̀. Àwọn onímọ̀ ti wo ẹran àti eegun tí ó hù lẹ́yìn Emdogain lábẹ́ maikirosikóòpù lára ènìyàn, wọ́n sì rí sìmẹ́ǹtọ́ọ̀mù tuntun pẹ̀lú iṣan tí ó rì sínú rẹ̀. PRF ń jẹ́ kí àlàfo tí àìsàn là sáàárín erìgì àti eyín dín kù, eegun sì ń kún lójú fọ́tò X-ray ju iṣẹ́ abẹ tí a kò fi nǹkan kan sí lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé iṣan àti sìmẹ́ǹtọ́ọ̀mù ń padà bọ̀ sípò kò tíì lágbára tó ti Emdogain. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti kúrò lára rẹ̀ padà sí i lára náà gbọ́dọ̀ tètè sọ.

Gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí ni a ń fi sí ojú gbòǹgbò tí a ti ṣí sílẹ̀ tí a sì ti fọ̀ mọ́ tónítóní. Nítorí náà, ìpara tàbí òróró tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti nínú ọkọ̀ pé kí ẹ máa fi pa erìgì kí eegun lè hù kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Jíjẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja dára fún ara, ó sì ń ran ọgbẹ́ lọ́wọ́ láti jinná, ṣùgbọ́n purotéènì inú oúnjẹ ti di wẹ́wẹ́ nínú ikùn kí ó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Kò ní di amelogenin ní ìdí eyín.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ó bá yín mu

Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín tí ó kọ́ nípa àìsàn erìgì àti eegun eyín ní pàtó. UCH ní Orítamẹ́fà ní ẹ̀ka tí ó dá lórí rẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn mìíràn nílùú sì lè darí yín sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹ mú orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò lọ́wọ́, títí kan àgbo.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fàlà sí ní mìlímítà mìlímítà ni dókítà fi ń wọn àlàfo tí ó wà láàárín erìgì àti eyín. Yóò rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín títí yóò fi kan ibi tí kò ti lọ mọ́, yóò ka ìlà tí ó ṣe déédéé etí erìgì, yóò sì gbé e rìn díẹ̀díẹ̀ yí eyín ká, ibi mẹ́fà lórí eyín kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹnìkejì ń kọ iye náà sílẹ̀. Mìlímítà 1 sí 3 láìsí ẹ̀jẹ̀ ni ti ẹni tí erìgì rẹ̀ dá ṣáṣá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín tí ó ti ń ṣàìsàn, irin náà lè rì dé 7 tàbí 8 kí ó tó dúró, ẹ̀jẹ̀ yóò sì tẹ̀lé e jáde. Ẹ ní kí wọ́n pe iye náà sókè, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, nítorí òun ni ẹ ó fi wọn àbájáde ìtọ́jú náà ní ọdún tí ń bọ̀.

Iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ohun àkọ́kọ́. Dókítà yóò kọ́kọ́ kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa fọ ẹnu, yóò fọ òkúta orí eyín àti ti abẹ́ erìgì kúrò, yóò sì fún yín ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ àlàfo ni yóò ti dín kù láìsí abẹ kankan. Níbi tí àlàfo bá ṣì jìn tó mìlímítà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí X-ray sì fi ihò eegun tí ó jìn tó mìlímítà 3 ó kéré tán hàn, ibẹ̀ ni purotéènì ti lè wúlò. Bí ihò náà ṣe rí ṣe pàtàkì ju bí purotéènì ṣe wọ́n tó lọ. Èyí tí ó jìn, tí ó há, tí ògiri eegun ṣì yí i ká ní ìhà mẹ́ta ni ó dára jù. Ìhà méjì ṣì ṣeé ṣe. Níbi tí eegun ti wálẹ̀ lọ́gbọọgba káàkiri gbogbo eyín, tí kò sí ògiri kankan, kò sí purotéènì tí yóò gbé e sókè padà, ẹni tí ó bá sì ṣèlérí rẹ̀ fún yín ń gba owó yín lásán. Àárín gbòǹgbò méjì eyín ẹ̀yìn ti ìsàlẹ̀ náà máa ń gbà á, bí irin dókítà kò bá tíì gba ìhà kan wọlé kí ó yọ sí ìkejì.

Ẹ dá sìgá dúró, kí ẹ má sì fi aáṣà rọ́pò rẹ̀. Sìgá ń dín ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sínú erìgì kù, èyí sì ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju ohun mìíràn tí aláìsàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní HbA1c, èyí tí ó ń fi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn. Bí ó bá ju ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó dára kí a kọ́kọ́ mú un wálẹ̀. Bí eyín bá ń mì púpọ̀, dókítà lè so ó mọ́ èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, nítorí ohun tí ń hù nílò ìdúróṣinṣin.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè ohun tí ẹ lè retí. Àgbéyẹ̀wò tí Cochrane, àjọ kan tí ń gbé ìwádìí ìṣègùn yẹ̀ wò, ṣe ní 2009, tí ó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, rí i pé lẹ́yìn ọdún kan, eyín tí a fi Emdogain sí fi nǹkan bí mìlímítà 1.1 lé èyí tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún láìfi í sí nípa bí ara ṣe so mọ́ eyín padà. Mìlímítà kan lè dà bí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n ó wà lórí èyí tí iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ ti mú wá, ní ìdí eyín tí àlàfo rẹ̀ ti jìn, ó sì lè mú ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé wá sí ibi tí yóò máa dé. Ẹni tí ó bá ń retí pé gbogbo eegun tí ó lọ láti ogún ọdún ni yóò padà kò ní rí i bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń dá ọjọ́, ẹ yẹra fún oṣù Ramadan bí ẹ bá máa ń gbààwẹ̀, nítorí oògùn àti omi tí a fi ń ṣan ẹnu yóò bọ́ sí àárín ọ̀sán. Ẹ má sì mú ọjọ́ tí ìnáwó ńlá ẹbí wà ní ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀. Ẹran inú ayẹyẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn rántí ìkìlọ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ

Ẹ jẹun díẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ṣúgà yín bí dókítà bá ti sọ, kí ẹ sì mú ẹnìkan dání. Abẹ́rẹ́ ni a ó fi mú kí ojú ibẹ̀ kú tìpìrì. Ẹ kò ní sùn. Dókítà yóò gé erìgì ní ọ̀nà tí ẹran ṣóńṣó tí ó wà láàárín eyín méjì kò fi ní já, nítorí ẹran yẹn ni yóò padà wá bo purotéènì, bí ó bá sì kú, ihò náà yóò là sílẹ̀. Yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò fá ẹran jíjẹrà inú ihò jáde, yóò sì fi irin àti ẹ̀rọ fọ ojú gbòǹgbò títí òkúta kankan kò fi ní kù níbẹ̀. Apá yìí ni ó ń gba àkókò jù. Ó yẹ kí ó gbà á, nítorí purotéènì tí a fi sórí òkúta ti ṣòfò.

Bí Emdogain ni a fẹ́ lò, dókítà yóò fi oògùn EDTA ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún sí gbòǹgbò fún ìṣẹ́jú méjì láti fọ eruku dídán tí fífá fi sílẹ̀ kúrò, yóò sì fi omi mímọ́ ṣàn án. Láti ìgbà yìí lọ, itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan gbòǹgbò náà kí purotéènì tó kàn án. Yóò ti ẹnu síríńjì dé ìsàlẹ̀ ihò pátápátá, yóò máa tì í bọ̀ wá sókè títí yóò fi bo gbogbo gbòǹgbò tí ó hàn, bí ó bá sì ṣàn jáde díẹ̀ nígbà tí a bá ń rán an, kò sí ewu. Bí ihò náà bá fẹ̀, a ó fi hóró eegun tàbí kálísíọ́mù tì í kí erìgì má baà wó sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó rán erìgì padà láìfà á le.

Ìtọ́jú nílé

Àpò omi dídì tí a fi aṣọ wé ni kí ẹ gbé lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wú díẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Oògùn ìrora tí dókítà kọ ni kí ẹ lò, ẹ má fi aspirin kún un. Ẹ má ṣe fi ahọ́n tàbí ìka fa ètè wo òwú. Ẹ má ṣe tú kápúsù dà sójú ibẹ̀, ẹ má ṣe fi ògógóró tàbí omi iyọ̀ gbígbóná jó o. Mo mẹ́nu kan ìwọ̀nyí nítorí pé àwọn tí ó fẹ́ràn yín ni yóò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, tí wọn yóò sì rò pé ire ni àwọn ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mú yín wá ilé ìwòsàn gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú yín.

Ìhà tí a kò ṣiṣẹ́ sí ni kí ẹ máa fi jẹun. Àmàlà àti ewédú pẹ̀lú gbẹ̀gìrì tí kò gbóná jù, tí ata rẹ̀ kò sì le, dára. Ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti ẹyin sísè náà dára. Gúgúrú, ẹ̀pà, kókóró, gàrí tí kò rọ̀, àti eegun ẹran ni kí ẹ yẹra fún, nítorí wóró kékeré kan tí ó bá há sábẹ́ òwú lè mú kí ibẹ̀ kó ọyún.

Ẹ má fọ ojú ibẹ̀ rárá, yálà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tàbí pẹ̀lú pákò, títí dókítà yóò fi sọ fún yín, èyí sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Omi oògùn Chlorhexidine ni yóò máa pa kòkòrò níbẹ̀ ní àkókò yìí: ẹ fi ṣan ẹnu fún ìṣẹ́jú kan láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ rọra dà á nù láìfi agbára tu ú. Ó lè mú kí eyín pọ́n díẹ̀, kí oúnjẹ má sì dùn lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Adùn oúnjẹ yóò padà, dókítà sì lè fọ àwọ̀ náà kúrò lára eyín. Eyín yòókù ni kí ẹ máa fọ̀ bí ìṣe yín. A ó tú òwú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta dípò kí ó máa dín kù, bí ibà bá mú yín, bí ọyún bá yọ, tàbí bí erìgì bá là tí ẹ ń rí gbòǹgbò, ẹ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí dókítà bá ní kí ẹ máa fọ̀ ọ́ padà, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Pákò Ìjẹ̀bú àti orín àtà ń fọ ojú eyín dáadáa, mi ò sì rí ìdí tí ẹni tí ó ti mọ́ lára yóò fi pa á tì. Àmọ́ wọn kì í wọ àárín eyín méjì, àárín eyín méjì gan-an sì ni àìsàn yìí ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí a fi ń fọ àárín eyín, kí ẹ jẹ́ kí dókítà yan ìwọ̀n tí ó bá àlàfo yín mu, kí ẹ sì máa lò ó lálaalẹ́ kí ẹ tó sùn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti irin ìwọ̀n bọ ibẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé, ì báà jẹ́ dókítà mìíràn tí ẹ lọ bá nítorí ohun mìíràn. Ohun tí ń hù kò tíì gbó, irin lè fà á ya. Ẹ wí fún un kí ó tó ṣí ẹnu yín wò. Láàárín oṣù mẹ́fà sí méjìlá ni a ó ya X-ray mìíràn láti fi wé ti ìṣáájú, tí a ó sì wọn àlàfo náà. Ẹ gbé ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ gbà dání lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ máa lọ fún fífọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí àlàfo bá ti wá sí mìlímítà 4 tàbí kí ó dín sí i, tí kò sì ṣẹ̀jẹ̀, kò sí ohun tí ó kù láti ṣe níbẹ̀ ju kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ lọ. Bí ó bá ṣì jìn, dókítà yóò wò ó bóyá ó ṣẹ́ku òkúta, bóyá gbòǹgbò ti là, tàbí bóyá inú eyín ti kú tí ó nílò ìtọ́jú tirẹ̀, kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ṣíṣe é lẹ́ẹ̀kejì.